Òwúrọ̀ Tí Ọkàn Tíṣà Mọ́ Gaara

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni Tíṣà Nehemiah fi máa ń parí àdúrà alẹ́ nílé rẹ̀ ní Iléṣà. Bí wọ́n bá ti kọrin tán, tí wọ́n ti ṣe àmín, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dìde. Tíṣà á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó kékeré tó kàn mọ́ ògiri pálọ̀, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, á sọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó àti ibi tí àwọn aláìmọ̀kan ti ń ṣì í lò. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú á fi í ṣe gbólóhùn kan. Ọmọ tí gbólóhùn rẹ̀ kò bá wọlé, oorun kò tíì kàn án. Àwọn ọmọ ilé kejì ń pàlọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rín wọn ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ọmọ Tíṣà jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún.

Ọmọ méjì péré ni Tíṣà bí. Elisha ni àkọ́bí, Adétọ́lá ló tẹ̀ lé e. Lálẹ́ ọjọ́ tó kan "lucid", Adétọ́lá ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ọ̀nà méjì ni kí wọ́n máa gbà lò ó. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tàbí ìwé tó yé ẹni tó gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ó ń họ orí. Èkejì ni èèyàn tí ọkàn rẹ̀ mọ́ gaara, pàápàá ẹni tí àìsàn ti da ọkàn rẹ̀ rú tẹ́lẹ̀, tó wá padà sípò fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n rántí odò Ìwàrà, ìlú àwọn bàbá rẹ̀, ní ìdájí, kí àwọn obìnrin tó fi korobá rú u, nígbà tí èèyàn ṣì ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Adétọ́lá sáré nawọ́. Ó ní odò Ìwàrà "lucid". Bàbá ní kò wọlé, ó ní àpèjúwe lòun ṣe, òun kò ní kó bọ́ sódò. Ó kan Elisha. Elisha dìde, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi òyìnbó sọ pé ìyá àwọn máa ń "lucid" bí inú bá ń bí i. Ìyá wọn tó ń to abọ́ béèrè ohun tí ọmọ yìí fi òun sọ. Wọ́n ní ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yéni yékéyéké lásìkò ìbínú. Bàtà ló fi dá a lóhùn. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fún Elisha ní ṣọ́ọ̀kì náà kó máa mú un lọ. Adétọ́lá fi owú jíjẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá báyìí, ìyá ti kú tipẹ́. Adétọ́lá ti di ìyá àgbà kékeré, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ. Tíṣà nìkan ló kù nínú ilé Iléṣà. Ọjọ́ ogbó dé, ó sì mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dání.

Elisha ló kọ́kọ́ pe ẹlẹgbẹ́ náà lórúkọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Tíṣà lọ ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn bó ti máa ń ṣe láti ìgbà èwe. Ó ka ẹsẹ kan, ó tún un kà, ó tún un kà síi, bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ń yí nínú ẹrẹ̀. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kò sí ohun tí àwọn èèyàn wa mọ̀ ọ́n ṣe tó ikọ́ wíwú nígbà tí ojú bá ń tì wọ́n nítorí ẹlòmíràn. Elisha, tó wá kí bàbá rẹ̀ láti Òṣogbo, ló dìde, ó di bàbá lápá mú, ó sì rọra mú un sọ̀ kalẹ̀. Níta, àwọn alàgbà yí wọn ká. Ẹnìkan ní ó rẹ Tíṣà ni, ẹnìkan ní oòrùn ni, ẹnìkan ní àwẹ̀ ni. Elisha ní kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe àwẹ̀. Ó ní iyè bàbá òun ti ń rá, kí ìjọ má fún un ní ẹ̀kọ́ kà mọ́. Ó sọ ọ́ létí bàbá, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, ó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé.

Tíṣà wò ó títí. Ó ní, "O pè mí ní wèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Elisha dọ̀bálẹ̀, ó rán àlùfáà, ó rán àwọn ìyá ìjọ, Tíṣà kò gbà. Ó ń gbàgbé orúkọ oṣù, ó ń gbàgbé bóyá òun ti jẹun, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìbínú yẹn. Ọdún kò yí po lẹ́yìn náà tí Elisha ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní Òṣogbo. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Òṣogbo náà ni wọ́n sin ín sí, ní kíákíá, kí ariwo má baà dé Iléṣà.

Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Bàbá kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbà. Àwọn àgbà bí tirẹ̀ ló ń lọ bá a, wọ́n á pọ̀, wọ́n á múra, wọ́n á fi òwe wé ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti ń fi ewé wé mọ́ínmọ́ín, ẹni tí wọ́n gbé e fún ni yóò jókòó tú u. Micah, àbúrò Tíṣà tó ń dáko ní Ìwàrà, ni olórí ẹbí. Òun ló ní kí wọ́n dúró kí ara ẹ̀gbọ́n òun le díẹ̀ ná kí àwọn tó wá. Ara kò le. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn tó fẹ́ bá Tíṣà kẹ́dùn sì ń kọjá níwájú ilé. Adétọ́lá bá lọ gbé bàbá rẹ̀ wá sí Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ti ilé Iléṣà pa.

Nọ́síràtù, aránṣọ tó yá ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀, ló ń bá a mójú tó bàbá bó bá lọ síbi iṣẹ́. Tíṣà a máa pe Nọ́síràtù ní nọ́ọ̀sì. Adétọ́lá, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè é, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ pè é rárá.

Dókítà tí wọ́n lọ rí, ọmọkùnrin tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn Adétọ́lá, fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní àìsàn yìí kì í padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn àsìkò kan lè wà tí bàbá yóò "lucid". Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà lè ṣòro fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Adétọ́lá gbé ojú sílẹ̀. Ta ni kó ṣàlàyé fún pé ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí, tó ń fi ìka ha etí àga, ló kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì? Dókítà ní bí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ bá dé, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ, kí wọ́n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kì í pẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òmíràn ń bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Adétọ́lá gbé tíì wọlé bó ti máa ń ṣe, ó gbé e kalẹ̀, ó ń ṣí fèrèsé.

"Adétọ́lá," ohùn kan ní lẹ́yìn rẹ̀, "tíì yìí ti tutù."

Ó yí padà. Bàbá rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Orúkọ rẹ̀ ni ó pè, kì í ṣe orúkọ òkú. Ó bi í pé ibo nìyí, Adétọ́lá ní Òṣogbo ni, ilé òun ni. Ó bi í bóyá ó ti pẹ́ tí òun ti wà níbẹ̀, ó ní ó ti ṣe díẹ̀. Tíṣà ní òun ń ṣàìsàn. Kò béèrè o, ó sọ ọ́ ni. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́. Inú Adétọ́lá dùn, ó jókòó tì í. Ìdùnnú náà kò pẹ́ rárá, nítorí ọ̀rọ̀ tí Tíṣà sọ tẹ̀ lé e ni pé:

"Elisha ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe kedere tó ló dùn mí. Mo kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, ìgbà tó wá sọ ọ́, mo lé e. Lọ pè é fún mi. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi so, ẹnu ara mi ni màá fi tú u."

Adétọ́lá ní Bọ̀ọ̀dá Elisha rìnrìn àjò. Irọ́ náà bọ́ sílẹ̀ geere, ó ti ń fi í pamọ́ sẹ́nu tipẹ́. Tíṣà ní nígbà wo ni yóò dé. Adétọ́lá ní òun yóò béèrè. Tíṣà ní kí ó má ṣe gbé fóònù lé òun létí o, ojú lọ̀rọ̀ wà, òun fẹ́ rí ọmọ òun kí ọmọ òun sì rí òun.

Adétọ́lá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Micah ní Ìwàrà. Ó ní bàbá ti mọ èèyàn, ó ní Elisha ló ń béèrè. Ó ní dókítà ti sọ pé kì í pẹ́, ṣé kí òun sọ fún un ni? Micah fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí ìjókòó. Ó ní èèwọ̀ ni. Ó ní ọmọ kì í túfọ̀ ọmọ fún bàbá, kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n òun sínú kòtò, àwọn ń bọ̀ lónìí yìí náà. Adétọ́lá ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n yára. Micah ní àwọn ti wà lọ́nà.

Ẹni tó ní òun ti wà lọ́nà kò tíì wẹ̀. Alàgbà ìjọ kan gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, alàgbà náà sì wà níbi ìsìnkú. Ìbátan wọn kan tí òun àti Tíṣà jọ dàgbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, oko ló lọ, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé. Ìgbàkígbà tí Adétọ́lá bá pè, Micah á ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Adétọ́lá mọ̀ pé òótọ́ ni. Òótọ́ náà ni ó ń jẹ òwúrọ̀ náà lọ.

Tíṣà wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá kóòtù tí òun fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ó wọ̀ ọ́, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé àga òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun máa wo géètì. Adétọ́lá jókòó tì í. Ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Elisha tó sọ òótọ́ ní ṣàkó. Ó tún rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Èwo ni kó mú?

Nọ́síràtù dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, Ọlọ́run ti la ojú bàbá. Tó bá jẹ́ ilé tiwa ni, à bá ti sọ fún wọn, kí wọ́n sunkún, kí wọ́n bá ọmọ wọn tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ta lẹ tún ń dúró dè?"

Adétọ́lá ní àwọn àgbà ni. Nọ́síràtù wò ó, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlòmíràn parí sí.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ kan àtàrí, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ó ní bàtà tí ìyá wọn jù lòun rántí. Ó ní Elisha kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó dúró kó bà á kí gbólóhùn rẹ̀ má baà dàrú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Adétọ́lá pẹ̀lú ojú tíṣà gan-an, ojú tí kò rí láti ìgbà tó ti di obìnrin ilé. Ó ní kí ó fi "lucid" ṣe gbólóhùn kan fún òun.

Adétọ́lá fi òyìnbó sọ pé bàbá òun "lucid" lónìí.

"Ó wọlé," ni Tíṣà wí. "Ìlò kejì nìyẹn. Fi ìlò kìíní ṣe tìrẹ fún mi. Bá mi sọ̀rọ̀ tó yé èèyàn. Níbo ni Elisha lọ?"

Ẹnu Adétọ́lá là. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè sọ ọ́. Ó wo bọ́tìnnì kóòtù tí bàbá rẹ̀ dì dé ọrùn. Ó gbọ́ ohùn Micah tó ní èèwọ̀ ni. Ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí Màmá bá wà níbí, wọn ì bá ti ju bàtà lu òun náà, kí bàbá jẹ́ kí òun lọ gbé oúnjẹ wá. Tíṣà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọjú sí géètì padà, kò sì béèrè mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni, tàbí èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, kí la ò bá ti ṣe? Ẹni tí kò tíì dúró níbẹ̀ rí ló ń dáhùn kíákíá.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti pe ìrun alásárì ni ọkọ̀ àwọn àgbà dé. Wọ́n pé, wọ́n múra, ó yẹ wọ́n. Tíṣà ti bi Adétọ́lá lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé pé ilé ta nìyí. Síbẹ̀ ó mọ Micah, ó pè é ní orúkọ, ó bi í nípa oko kòkó rẹ̀. Ọkàn Adétọ́lá gbéra. Ó ń gbàdúrà nínú pé kí wọ́n sọ ọ́ báyìí, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Wọ́n kí i. Wọ́n kí i kú ìjókòó, wọ́n kí i kú ara líle, wọ́n béèrè oorun, wọ́n béèrè ẹsẹ̀. Alàgbà gba àdúrà, kì í sì í ṣe àdúrà kékeré. Ìbátan láti oko sọ ìtàn ìgbà tí òun àti Tíṣà jọ ń dẹ okété. Lẹ́yìn èyí ni Micah tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Micah ní ẹni tó bá kọ́kọ́ tajà tán ló ń kọ́kọ́ lọ sílé, ọjọ́ orí kọ́. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alàgbà ṣí ìwé, ó ka ẹsẹ kan nípa Ẹni tó ń fúnni tó sì ń gbà padà. Kó tó kà á dé ìdajì, Tíṣà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ka ìyókù láì wo ìwé, ohùn rẹ̀ ró ketekete, ó sì fi kún un pé níbí ni ẹ̀kọ́ kìíní parí sí. Àwọn àgbà wo ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," Micah ní, omi ti lé sí i lójú, "omi ló dànù, agbè kò fọ́."

"Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ agbè," ni Tíṣà wí.

Gbogbo wọn ní àmín. Tíṣà tẹ orí ba, ó ń fi ìka ha etí àga rẹ̀. Adétọ́lá rí ìka náà, ó sì mọ̀ pé òwúrọ̀ ti lọ. Nígbà tí wọ́n dìde, Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá kí òun. Ó ní bí wọ́n bá délé kí wọ́n bá òun kí Elisha, kí wọ́n sọ fún un pé òun ń retí rẹ̀, òun kò bínú mọ́.

Lẹ́nu géètì, Micah nu ojú rẹ̀. Ó ní àwọn kò rí àgbà tó gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n òun ti gbà á rí. Adétọ́lá ní bàbá kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní wọn kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbé ohùn sókè sí Micah láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Micah kò bínú. Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Wọ́n wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wọn lójú ọ̀nà.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò di odindi. Nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé yẹn, ẹyọ kan péré ló dúró lọ́kàn Tíṣà, pé Elisha ń bọ̀. Láràárọ̀ ni ó ń béèrè kóòtù rẹ̀. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo géètì, bí ọwọ́ ọ̀sán bá sì wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọdé. Á ní Elisha ti kọ òun. Á ní òun ránṣẹ́, kò wá, ó ṣì ń bínú. Adétọ́lá á gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Kò sí ìròyìn ikú tó lè burú tó èyí, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ti wá.

Ó pinnu. Ó ní bí ọkàn bàbá bá tún lè mọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, òun kò ní dúró de Ìwàrà, òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó to gbólóhùn náà, ó yọ òwe kúrò nínú rẹ̀, ó yọ àdàpè kúrò. Ó ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń sọ ọ́ sínú omi tó fi ń fọ abọ́. Láràárọ̀ ni ó ń gbé tíì wọlé, á dúró, á wo ojú rẹ̀, á kí i. Á máa retí kí ó pe òun lórúkọ. Tíṣà á ní kí wọ́n ṣeun, nọ́ọ̀sì.

Òjò dé, òjò lọ. Òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ kò padà wá mọ́. Òyìnbó kúrò lẹ́nu Tíṣà pátápátá, èdè Ìwàrà gba ẹnu rẹ̀ padà, ilé di ulé, ìyá di ùyá. Ó wá di ọjọ́ kan tí kò béèrè kóòtù. Ọjọ́ kejì, kò béèrè. Kò wo géètì mọ́, kò sunkún mọ́, kò dárúkọ Elisha. Nọ́síràtù ní kí wọ́n dúpẹ́ pé ara bàbá ti balẹ̀. Adétọ́lá wọ yàrá lọ, ó fi aṣọ bo ojú, ó ké.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé tíì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí níwájú bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò. Ó mọ̀ pé kò sí àsìkò mọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wò ó lójú, ó sì sọ gbólóhùn tó ti tò tipẹ́.

"Bàbá, Elisha ti kú."

Tíṣà gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà, àánú wọ inú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fi ọwọ́ kan bo ọwọ́ Adétọ́lá mọ́lẹ̀.

"Ha, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o, ùyá," ni ó wí. "Ẹ kú ìrọ́jú. Kí ló jẹ́ sí yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Ọlọ́run yóò tu yín nínú. Ṣé bàbá rẹ̀ ń bẹ láyé?"

"Ó ń bẹ, sà."

Tíṣà mi orí. Ó wo ìta, ó ronú, bí ẹni tí ọ̀ràn náà jọ lójú tó sì fẹ́ gbani nímọ̀ràn tó dára.

"Ẹ má lọ já a lù ú o," ni ó wí. "Àgbà ni. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n múra, kí wọ́n lọ bá a nínú ulé, kí wọ́n rọra sọ ọ́."

"A ti ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹ ṣeun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ bá mi kí i."

Adétọ́lá ní òun yóò kí i. Ó gbé ife tíì nílẹ̀, ó rí i pé ó ti tutù, ó sì wọlé lọ gbé omi mìíràn kaná.